Ọjọ́ Tí Bàbá Wa Gbé Iṣu Lọ sí Ilé Oúnjẹ Ṣáínà

Bàbá mi kì í jẹun níta. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ mọ èyí kò ní mọ ìdí tí ìyá mi, ọmọ ìjọ tòótọ́, fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì Ìlọrin láàárọ̀ kùtù, tó ń ro irọ́ tó máa pa. Ní Ọ̀sì, ìlú wa, nígbà tiwa, àgbàlagbà tí wọ́n bá bá níbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ, tó jókòó, tó ń jẹ, wọ́n á ní ìyàwó rẹ̀ ti lé e jáde. Bàbá mi sì níyàwó. Ó ní oko iṣu tí àwọn ènìyàn fi ń júwe ọ̀nà, òun ló sì máa ń ka Bíbélì ní ìjọ Áńgílíkà wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá fi oúnjẹ lọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, á ní òun ti yó. Ikùn rẹ̀ á máa kùn, òun á ṣì máa sọ pé òun ti yó.

Ayé ìjọba alágbádá ni. Mo wà nílé fún họlidé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo sì rò pé mo ti gbọ́n ju gbogbo ilé lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí àwọn òbí wa, ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ní Ìlọrin, òun àti bàbá mi kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ikú ìyá bàbá mi ló dá a sílẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ló tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Nígbà tó kú, a rán awakọ̀ kan sí i ní Ìlọrin, kó sọ fún un pé kó wá bá wa sin ín. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó dé, ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá, wọ́n ti sin ìyá àgbà, wọ́n ti jẹ, wọ́n ti mu, àwọn àlejò ti ń di ẹrù wọn. Ó ní ọjọ́ náà gan-an ni iṣẹ́ tí a rán awakọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ òun. Bàbá mi wò ó láti orí dé bàtà, ó búra pé òun kò tún ní í bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé òun, ó sì wọlé. Ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé wọn kì í ríra o. Ẹ̀gbọ́n mi ń wálé lóṣooṣù. Ìyá mi ni wọ́n sọ di ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Bàbá mi á jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin lọ láàárín wọn.

"Sọ fún ọmọ rẹ kó tilẹ̀kùn," ni bàbá mi á wí.

"Bàbá ní kó o tilẹ̀kùn," ni ìyá mi á wí.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo ti tì í."

"Ó ní òun ti tì í."

"Mo í gbọ́. Etí mi kò di."

Ìyá mi nìkan ló ń rẹ̀. Ọjọ́ kan wà tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sinmi ẹnu fún wákàtí kan péré, òun fẹ́ jẹ ẹ̀gúsí.

À bá ṣì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi rí ìyàwó. Tíṣà ni ọmọbìnrin náà, ọmọ Ilọ́fà, ó sì jẹ́ ẹni tí mo fẹ́ràn gan-an torí pé kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní àwọn kò kọ ẹ̀gbọ́n mi, àfi kí bàbá rẹ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, kó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ ẹ fún ọmọ òun. Wọ́n dúró títí, bàbá kò yọjú. Bẹ́ẹ̀ ni ará Kóro kan tó ní mọ́tò sì ti ń fi ilé wọn ṣe ọ̀nà. Ìyá ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pé bí àwọn kò bá gbọ́ nǹkan kan kí oṣù tó parí, kí ẹnikẹ́ni má dá àwọn lẹ́bi.

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú bàbá mi. Bàbá mi ní, "Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Bí ọn bá bi mí pé irú ọmọ wo ni, kí ni mo fẹ́ wí?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà sí mi. Bàbá mi máa wá gba awò ojú tuntun ní ilé ìwòsàn ní Ìlọrin lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Ó ní bí a bá ti gba awò tán, kí èmi àti ìyá wa rí i dájú pé a mú bàbá wá sí ilé oúnjẹ Ṣáínà kan tó wà nítòsí. Gbogbo wa á jókòó yí tábìlì kan ká, a ó jọ jẹun láti inú àwo kan, ó ní kò sẹ́ni tó lè jẹun bẹ́ẹ̀ kó má sọ̀rọ̀. Ó fi ọkàn mi balẹ̀ pé kì í ṣe ibi àwọn olówó, àwọn akọ̀wé bíi tòun, àwọn tíṣà àti àwọn birikìlà ló ń jẹun níbẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà fún ìyá mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Ulé oúnjẹ? Bàbá yín?" Ó wá ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún òun.

Irọ́ tó pa nìyí: ó ní ọ̀rẹ́ òun obìnrin kan wà ní Ìlọrin tó ní ká wá kí òun, ó ní ó ti ń dáná dè wá. Bàbá mi kò ta kò ó. Ó kàn dìde, ó lọ sínú àká, ó yan iṣu márùn-ún tó dára jù, torí pé a kì í lọ́wọ́ òfo lọ sílé onílé. Ta ló ru iṣu? Èmi ni. Mo ru iṣu láti ibùdókọ̀ dé ilé ìwòsàn, mo ru ú láti ilé ìwòsàn dé ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ, pẹ̀lú bàtà gíga mi àti gbogbo ìwé tí mo kà.

Bàbá mi ti gbé awò tuntun wọ̀. Ó ń wo gbogbo nǹkan ní Ìlọrin bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ súùtù sáfárì funfun, ó dọ̀bálẹ̀, bàbá mi sì kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára òpó.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré ni ibẹ̀. Tábìlì bíi mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ọ̀rá olódòdó ni wọ́n tẹ́ sórí wọn, ènìyàn sì kún. Bàbá mi wo àwọn tó ń jẹun yíká. Ó ní, "Obìnrin yìí lálejò o." Ìyá mi wo ilẹ̀.

Ẹni tó ni ilé oúnjẹ náà jáde láti ẹ̀yìn, obìnrin Ṣáínà kan tí kò ga, tó ti dàgbà díẹ̀, tó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí. Kò tíì la ẹnu tí bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ ìkíni. "Ẹ kú ulé o. Ẹ kú uṣẹ́. Ọmọ ńkọ́? Ará ulé ńkọ́?" Ó ní kí n sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ó to iṣu márààrún sí ẹsẹ̀ obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gbàdúrà lé e lórí pé ebi kò ní í pa á, pé ọjà rẹ̀ kò ní í kùtà, pé ilé tó fi sílẹ̀ lókèèrè kò ní í bàjẹ́. Àwọn birikìlà tó wà ní tábìlì kejì fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ń ṣàmín. Obìnrin náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé iṣu kan, ó fọwọ́ lù ú, ó gbọ́ bó ṣe dún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì pe ọkùnrin tó ń bá a gbé oúnjẹ pé kó kó gbogbo rẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ la kí n wọ ibẹ̀. Ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mí, ẹ jọ̀wọ́.

A jókòó. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ náà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ó gbé ìwé tí wọ́n kọ oúnjẹ sí fún ẹ̀gbọ́n mi. Kí ẹ̀gbọ́n mi tó gbà á, bàbá mi ti na ọwọ́. Ó tún awò rẹ̀ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ sókè, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí dé ìsàlẹ̀. Ó pa ìwé náà dé. Ó kọjú sí ìyá mi.

"Ọ̀rẹ́ rẹ, àbí?"

Ìyá mi ní, "Ulé rẹ̀ náà ni. Òkè yẹn ló í sùn."

"Mo ti ka pátákó ẹnu ọ̀nà kí n tó wọlé," ni bàbá mi wí. "Awò yìí kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi láti àárọ̀."

Mo ń retí kó dìde. Kò dìde. Ó fi ìwé náà lélẹ̀, ó ní kí ìyá mi sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òkun kankan kò sí ní Ìlọrin, ibo ni wọ́n wá ti rí oúnjẹ inú òkun tí wọ́n kọ síbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí ìyá wa sọ fún wọn pé láti Èkó ni, inú yìnyín ni wọ́n ń kó o sí. "Òkú Èkó náà ni, kí ọn má fi Gẹ̀ẹ́sì dà á rú," ni bàbá mi wí. Òkú Èkó ni à ń pe ẹja yìnyín tí wọ́n ń tà nílé, tí òun náà sì ń jẹ lójoojúmọ́. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí fura. Bàbá tó mọ̀ láti ẹnu ọ̀nà pé ilé oúnjẹ ni, tó wọlé, tó fún wọn níṣu, tó sì jókòó, ó ní nǹkan tó ń wá.

Oúnjẹ dé. Odindi ẹja àrọ̀ kan ló wà láàárín, wọ́n fi atalẹ̀ àti àlùbọ́sà eléwé sè é, ó ká sínú àwo. Edé wà, ó tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Alákàn wà nínú ata, ojú rẹ̀ méjèèjì ń wò wá. Ìyá mi ní, "Ojú lalákàn fi í ṣọ́rí, èyí kò ṣọ́ tiẹ̀ dáadáa." Oúnjẹ gígùn kan sì wà tó dà bí okùn. Bàbá mi fa ọ̀kan gùn, ó wò ó. Ó ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kí ìyá mi bi ọmọ rẹ̀ pé ìsọ̀rí wo ni ti èyí. Ní ti àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì méjì tí wọ́n kó fún wa láti fi jẹun, ìyá mi wò wọ́n, ó ní wọn á wúlò fún yíyí àkàrà padà nínú epo, ó sì kó tirẹ̀ àti tèmi sínú àpò.

Kò sẹ́ni tó jẹun. Nílé wa, bàbá ló máa ń kọ́kọ́ mú ẹran, bàbá sì ń dúró kí wọ́n bu tirẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi tó wéwèé pé gbogbo wa á jọ jẹ nínú àwo kan kò rántí ìyẹn. A jókòó bẹ́ẹ̀, à ń wo ẹja, ẹja ń tutù. Obìnrin Ṣáínà náà tún jáde, ó wo ojú wa, ó wo àwo wa, ó rò pé oúnjẹ òun kò dára. Ó sáré padà wọlé. Nígbà tó tún máa jáde, iṣu wa ló gbé wá, ó ti gé e wẹ́wẹ́, ó ti dín in, ó da omi ọbẹ̀ ẹja lé e lórí, ó sì gbé e síwájú bàbá mi nìkan.

Bàbá mi jẹ ọ̀kan. Ó jẹ ìkejì. Ó ní, "Obìnrin yìí mọ àlejò ṣe." Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu orí ẹja àrọ̀ náà sínú àwo rẹ̀, gbogbo wa sì kọ lu tó kù bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Ìjàǹbá alákàn ló tẹ̀ lé e. Bàbá mi fi eyín fọ́ ẹsẹ̀ alákàn kan, omi ata inú rẹ̀ sì ta, ó kọjá lórí tábìlì, ó bà sí àyà súùtù funfun ẹ̀gbọ́n mi. Ó pupa rẹ́rẹ́. Bàbá mi di ẹsẹ̀ alákàn náà mú, ó wo súùtù. Ó ní fún ìyá mi, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, "Sọ fún un kó má bínú."

Ìyá mi kò tíì sọ ọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti dìde. Ó ní òun fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé. Èmi tí mo rí ojú rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe súùtù nìkan ló fẹ́ lọ fọ̀.

Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ni bàbá mi ṣe ohun tí mi ò ní í gbàgbé. Kò tíì jẹ nínú orí ẹja náà. Ó ṣà iṣu àti èèpo alákàn kúrò lára rẹ̀, ó ku orí ẹja nìkan nínú àwo, ó sì rọra ti àwo náà kọjá lórí tábìlì, ó tì í dé iwájú àga ẹ̀gbọ́n mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí wo fèrèsé.

Ẹni tó dàgbà nílé bíi tiwa nìkan ló lè mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bàbá mi kò sọ fún ọmọ kan rí pé inú òun dùn sí i. Àjẹkù ló fi ń sọ ọ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ bá dùn sí, ó máa ń ṣẹ́ ẹran tàbí ẹja kù fún un sí ìsàlẹ̀ àwo, á tì í sọ́dọ̀ rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Láti ìgbà ìsìnkú ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n mi kò rí ìpẹ́ ẹja gbà. Orí ẹja sì rèé, bàbá kan kì í fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi lábẹ́ tábìlì títí ó fi dùn mí dé egungun.

Àwa méjèèjì tí à ń tẹ ẹsẹ̀ ara wa ni kò rí ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ. Ó wá láti ẹ̀yìn wa, ó rí àwo tó ní orí ẹja nìkan níwájú àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí, ó gbé e, ó lọ.

Ìyá mi ké bí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé. Mo sáré. Bàtà gíga mi bọ́, mo fi ẹsẹ̀ lásán wọ ilé ìdáná onílé, mo ní, "Àwo yẹn dà?" Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí garawa kan tí wọ́n ń da oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ sí. Mo bojú wo inú rẹ̀. Mo rí orí ẹja wa láàárín ìrẹsì àti èèpo àlùbọ́sà, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mú un. Inú bí mi sí ọkùnrin náà, ó bí mi sí alákàn, ó bí mi sí súùtù funfun. Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, egungun lásán ni mo rò pé ó jẹ́."

Nígbà tí mo padà dé tábìlì pẹ̀lú ọwọ́ òfo, ẹ̀gbọ́n mi náà ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, àyà rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ pupa. Ó jókòó. Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi wo bàbá mi, bàbá mi wo tábìlì tó mọ́ fo náà, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó ti lé ní ọdún kan kó tó lè ti àwo yẹn, wọ́n sì ti kó o dà fún ẹlẹ́dẹ̀.

Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó nù ún. Ó gbé e wọ̀ padà, ó sì wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Ùwọ ọmọ yìí," ni bàbá mi wí, "ṣé bó o ṣe í pẹ́ dé níbi gbogbo nìyí?"

Ìyá mi ti la ẹnu láti bá a sọ ọ́. Ó wá rí i pé wọ́n ti sọ ọ́. Ó pa ẹnu dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn àga, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú súùtù sáfárì. Ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ rò pé egungun ló há a lọ́fun, ó sáré gbé omi wá. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Bàbá, awakọ̀ yẹn ló gbàgbé. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Mo mọ̀," ni bàbá mi wí. "Ọ̀sẹ̀ kejì ìsìnkú ni awakọ̀ náà ti wá bẹ̀ mí."

Ìyá mi ní, "O mọ̀? O mọ̀, o sì jẹ́ kí n máa bá yín gbé ọ̀rọ̀ kiri?"

"Mo ti búra pé n kò ní í bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un?"

Mo rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú mi, mo kàn dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà. Àwọn birikìlà tábìlì kejì ti gbàgbé oúnjẹ wọn pátápátá.

Bàbá mi ní kí ẹ̀gbọ́n mi dìde nílẹ̀, kó má fi súùtù nu ilẹ̀ onílẹ̀. "Ọjọ́ wo ni ká lọ sí Ilọ́fà?"

Ẹ̀gbọ́n mi la ẹnu, ohùn kò jáde. Ìyá mi tí gbígbé ọ̀rọ̀ kiri ti mọ́ lára ní kíá, "Ó ní Sátidé tó í bọ̀ dára."

"Ùwọ kọ́ ni mo í bi," ni bàbá mi wí. "Ọmọ mi ni mo í bi."